Ẹ́ńjìnnì Olórí Márùn-ún

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń na èèyàn. Àwọn bàbá ẹlòmíràn a máa bú ọmọ, wọn a máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí bí wọ́n ṣe ń lù ú. Tèmi a dákẹ́. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń wọ Òṣogbo déédéé. Nígbà tí iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí irin, èyí tí gbogbo wa ń pè ní léètì, sí iwájú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níṣẹ́. Tí mo bá gé irin jù, bó jẹ́ ìwọ̀n irun orí kan péré, yóò pa ẹ̀rọ, yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò sì fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbá mi. Ìka tó kéré jù ní ọwọ́ òsì mi wọ́ títí di òní. Fáìlì irin ló fi ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí mo ba nǹkan ẹ̀rọ ìlọta kan jẹ́. Ìyá mi fi àkísà dì í, bàbá mi sì ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mi ò sọ èyí láti fi ẹ̀bi lé òkú lórí. Bàbá yẹn náà ló kọ́ mi débi pé mo lè fi ìka lásán mọ̀ bóyá irin méjì bára mu. Ó kú, mo jogún léètì rẹ̀. Mo bí ọmọ mẹ́ta, mi ò sì fọwọ́ lu ẹnikẹ́ni nínú wọn rí. Ìyàwó mi a máa sọ fún àwọn èèyàn pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ físíìsì ni ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà. Tíṣà ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Alájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì dé Mẹ́kà. Páńpù kan tó bàjẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi nígbà àkọ́kọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń bó irin tín-ín-rín tín-ín-rín bí ẹni bó ọsàn, ló bá yọ fóònù rẹ̀ jáde.

"Alájì, ẹ wo nǹkan yìí."

Òyìnbó arúgbó kan ni mo rí nínú fóònù náà. Ẹ́ńjìnnì kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, kò tóbi ju abọ́ ọbẹ̀ lọ, ó sì ní orí púpọ̀ tó yí ká. Arúgbó náà ta abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà sì ké bí alùpùpù tí inú ń bí.

"Bàlúù kékeré, irú èyí tí èèyàn ń fi rìmóòtù darí láti orí ilẹ̀, ni wọ́n ń fi sí nímú," ni Tíṣà wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é. Ṣé ẹ lè ṣe irú rẹ̀?"

"Ṣé irin ni àbí kì í ṣe irin?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Uṣẹ́ ti dé nìyẹn," ló wí lédè Ìjẹ̀ṣà.

Ọdún mẹ́rin ni a fi ṣe é. A kọ́kọ́ ṣe èyí tó ní orí kan. Orí ni àwa méjèèjì ń pe sílíńdà, ihò irin tí písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ a ṣe olórí méjì. Ṣùgbọ́n olórí márùn-ún ló wà lọ́kàn Tíṣà, kí orí náà yọ káàkiri bí ìràwọ̀, bíi ti bàlúù ayé àtijọ́. A kó písítìnì alùpùpù tó ti gbó jọ, a yọ́ wọn nínú ìkòkò irin, a dà wọ́n sínú iyẹ̀pẹ̀ tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, mo sì yí wọn lórí léètì títí wọ́n fi ń dán. Orí márààrún, inú áàsì tírélà tó dá sí méjì, irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì, ni mo ti gbẹ́ wọn. Kíráńkì, irin tó ń sọ lílọ-bíbọ̀ písítìnì di yíyí, mo ṣe é nígbà mẹ́fà kó tó gbà. Ohun tó fa wàhálà jù ni pé, nínú ọ̀pá márùn-ún tó so písítìnì mọ́ kíráńkì, ọ̀kan ṣoṣo ló lè di kíráńkì mú. Ọ̀pá mẹ́rin yòókù gbọ́dọ̀ so mọ́ tirẹ̀ bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá. Ọ̀pá ìyá yìí ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ó lu ara ẹ́ńjìnnì já láti inú, irin gbígbóná fò kọjá lẹ́bàá etí mi, ó sì lọ há sára ilẹ̀kùn ilé. Ìyàwó mi fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ó gbé e sínú àwo, ó gbé àwo náà síwájú mi pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Rìmóòtù àti bátìrì nìkan ni a rà. Tíṣà fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ara bàlúù náà. Abẹ̀bẹ̀ onígi tó ń yí níwájú, Iléṣà ló ti ń gbé e bọ̀, ó ní kápẹ́ńtà kan ní abúlé ìyá òun ló ń gbẹ́ wọn. Wọ́n tẹ́jú, wọ́n dọ́gba, bí mo bá gbé àárín wọn lé orí ìṣó, apá kan kì í wọ̀ ju èkejì lọ. Mo sọ fún Tíṣà pé ẹni tó gbẹ́ irú èyí mọ iṣẹ́. Mi ò bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí olórí márùn-ún kọ́kọ́ jó dáadáa, a ti fi bóòtì dè é mọ́ orí tábìlì irin ní ọ̀sán gangan. Tíṣà ló di okùn epo mú, èmi ń fi etí ka àwọn orí. Márààrún ń dún. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àwọn ará àdúgbò ti dí etí, ewúrẹ́ ti sá lọ.

"Alájì, ó ti tó!" Tíṣà ń pariwo kí n lè gbọ́.

"Fi kún un!"

"Igi ni o!"

"Mo ní kí o fi kún un!"

Ó fi kún un. Abẹ̀bẹ̀ náà fọ́. Mi ò rí i nígbà tó fọ́. Ohun tí mo rí ni pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì náà ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú, ó ń yí lásán láìsí ohun tó dá a dúró. Mo sáré fa okùn epo rẹ̀ já. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo wo orí kìíní, mo wo èkejì, mo ń wá ibi tó ti sán. Ìgbà tí mo dé orí kẹta ni mo wá gbọ́ tí Tíṣà ń sọ pé, "Alájì. Alájì, ẹ jọ̀ọ́."

Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ègé igi tó gùn bí ìka ọwọ́ ti wọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí dé bẹ́líìtì. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní bó bá jẹ́ pé igi náà yẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, iṣan ọrùn ni ì bá gé. Tíṣà kò bi mí rí ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó rí mi, mo mọ̀ pé ó rí mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó padà wá pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tuntun tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀. Kápẹ́ńtà náà ti sọ fún un pé a kò gbọdọ̀ fún ẹ́ńjìnnì náà ní epo tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àárọ̀ Sátidé kan ni a gbé bàlúù náà lọ sí ìgbèríko Iléṣà, ní àsìkò ọyẹ́. Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n ti pa tì ni Tíṣà mú mi lọ, lẹ́bàá abúlé ìyá rẹ̀. Koríko ti gbẹ, oko kòkó yí pápá náà ká lápá mẹ́ta.

"Ṣé o ti sọ fún àwọn ará abúlé?" ni mo bi í.

"Mo ti sọ fún ẹni tó yẹ kí n sọ fún."

Ó yẹ kí n tún béèrè. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Kò tíì pẹ́ tí àwọn ajínigbé gbé àgbẹ̀ méjì lójú ọ̀nà oko níbẹ̀. Ọ̀kan padà wálé, wọ́n bá òkú èkejì. Àwọn ọkùnrin abúlé ń fi ìbọn ṣọ́ ọ̀nà ní tọ̀sán tòru. Ọ̀rọ̀ sì ti tàn kálẹ̀ pé àwọn ajínigbé ń rán bàlúù kékeré ṣíwájú láti wo ibi tí èèyàn wà. Kí ni ó wá yẹ kí wọ́n rò nígbà tí wọ́n gbọ́ tiwa?

Ó fò. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí. Ó sáré lórí koríko, ìrù rẹ̀ gbé, ilẹ̀ sì fi í sílẹ̀. Tíṣà ń darí rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ wà níta bíi ti ọmọdé tó ń kọ̀wé. Ó yí pápá náà po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń gbọ́ orí márààrún láti òkè, ohùn wọn ṣọ̀kan. Mo ké "Allahu Akbar" láìmọ̀ pé ẹnu mi là.

Ìbọn dún nínú oko kòkó. Ṣakabùlà ni, mo mọ ìró rẹ̀. Mo rò pé ọdẹ ni. Òmíràn dún, apá bàlúù náà ya, ó sì forí sọlẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń ké. Ó wọ inú ilẹ̀ ní ìkangun pápá bí ẹni ju òkúta.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Pákó ti di èérún. Ẹ́ńjìnnì náà ti já kúrò, ó wà nínú ihò tó gbẹ́ fúnra rẹ̀, epo ń ṣèéfín lára rẹ̀. Mo bọ́ fìlà mi, mo fi gbé e. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ, ó sì ń jó mi lọ́wọ́ gba inú fìlà. Bí mo ṣe dìde báyìí, wọ́n ti yọ láàárín igi kòkó.

Wọ́n tó ọgbọ̀n, bóyá wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdá, kóńdó, ìbọn méjì tàbí mẹ́ta. Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni, ẹnu ni mo rí. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Tíṣà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, rìmóòtù ṣì wà nínú ọ̀kan.

"Ọmọ ibí ni mí! Ọmọ ibí ni mí!" Ó ń sọ Ìjẹ̀ṣà sí wọn, ó ń pe orúkọ agboolé ìyá rẹ̀.

Ọ̀kan fi igi gbá rìmóòtù náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ìró eegun. Èkejì gbá a nínú, ó ṣubú, wọ́n sì ká a mọ́lẹ̀. Àwọn mẹ́fà tàbí méje yà sọ́dọ̀ mi. Igi àkọ́kọ́ bà mí lẹ́yìn, èkejì bà mí lẹ́nu. Mo tu eyín méjì jáde. Mo dìrọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà bí ẹni dìrọ̀ mọ́ ọmọ, mo ń pe Ọlọ́hun. Ẹnì kan ti rí gálọ́ọ̀nù kékeré tí a fi gbé epo bẹntiróòlù wá. Mo rí i tó ń dà á sára Tíṣà, sórí irun rẹ̀, sí àyà rẹ̀.

"Ẹ mú uná wá! Uná dà?"

Nígbà náà ni ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aró ya àárín wọn kọjá, ó sì já lu Tíṣà. Ó sọ gbogbo ara rẹ̀ lé e lórí. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn Tíṣà. Mo ní ó ń fún un lọ́rùn pa.

Mi ò mọ bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lù mí. Mo dé ibẹ̀. Mo gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè láti èjìká, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí ọkùnrin náà. Ó dún bí ìgbà tí a bá la àgbọn gbígbẹ. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Tí mo bá ní ẹ̀rù ló bà mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kù díẹ̀. Bó ṣe wọlé, ó dùn mọ́ mi. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, wọ́n ti ń lù mí, èmi náà sì wá lu ẹnì kan, ó sì dùn mọ́ mi dé eegun. Mo gbé e sókè láti tún lù ú.

Ẹnì kan fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́yìn orí. Mo ṣubú, ṣùgbọ́n ojú mi kò pa dé. Mo dùbúlẹ̀ nínú koríko, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá mi níhà, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń ké pé, "Kápẹ́ńtà! Ó ti pa Kápẹ́ńtà!" Wọ́n yí ọkùnrin náà kúrò lórí Tíṣà, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹlòmíràn ti rí ìṣáná.

Obìnrin kan ló gbà wá. Àbúrò ìyá Tíṣà ni, ó ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú abọ́ gbágùúdá lórí. Ó rí bàtà ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin. Ó sọ abọ́ náà nù, ó ń ké, ó ń fi èékánná ya wọn lójú bó ṣe ń wọlé, ó sì sọ ara rẹ̀ lé Tíṣà nínú epo yẹn.

"Ẹ sun èmi náà! Ẹ sun wá pọ̀! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni!"

Ó da ara rẹ̀ bò ó pátápátá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọrùn rẹ̀ mọ́ra kí wọ́n má bàa rí orí rẹ̀ lù. Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo ń wò ó. Bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni ọkùnrin aláṣọ aró yẹn ṣe wà. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ara rẹ̀ lórí ara. Mo fẹ́ pariwo, ẹ̀jẹ̀ kún mi lẹ́nu. Ẹni tó mú ìṣáná kò ṣá a mọ́, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ọlọ́pàá fi dé.

Ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà ni wọ́n kó wa lọ, èmi, Tíṣà àti ọkùnrin aláṣọ aró náà, nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá kan náà. Ìhà mi mẹ́ta ló dá. Ọwọ́ ọ̀tún Tíṣà ṣẹ́ síbi méjì. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ mi mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ọlọ́pàá kan sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kejì ni Tíṣà tó lè rìn wá bá mi. Epo ti bó o lójú, awọ ara rẹ̀ pupa.

"Ta ni?" ni mo bi í. Mi ò ní láti ṣàlàyé ẹni tí mo ń béèrè.

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. "Òun ni mo sọ fún pé a ń bọ̀," ló wí. "Baálẹ̀ kò sí nílé, ó lọ ìsìnkú. Kápẹ́ńtà ní òun á sọ fún àwọn yòókù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló tíì gbọ́. Nígbà tó gbọ́ ìbọn ló ń sáré bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Kápẹ́ńtà wo?"

"Alájì," Tíṣà wí, "òun ló ń gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ wa."

Mo yíjú sí ògiri. Mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì wá wò bóyá ìhà mi ló ń dùn mí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkùnrin náà fi sùn láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí orí rẹ̀, wọ́n sì dí i. Nígbà tó jí, ó mọ ìyàwó rẹ̀, ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́, kò sì ní ríran láé. Ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu gbogbo wa. Tíṣà ló sọ fún wọn pé àṣìmú ni. Ẹbí Kápẹ́ńtà kò gbé mi lọ sí kóòtù. Àwọn àgbà abúlé náà mọ̀ pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹjọ́, tiwọn náà á pọ̀. Wọ́n tú mi sílẹ̀. Ọlọ́pàá kan dá ẹ́ńjìnnì náà padà fún mi nínú àpò ọ̀rá, wọ́n so páálí kékeré kan mọ́ ọn. Orí kan ti tẹ̀, ohun tó sì gbẹ mọ́ àárín àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yọ bí ìyẹ́ lára rẹ̀, mi ò ní sọ ọ́.

Mo dé ilé, mi ò lè tan léètì. Ìyàwó mi bá mi lóko ìrònú bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Níjọ́ kan ó ní, "Ẹ lọ bá a. Ohun tó bá fẹ́ ṣe fún yín, kó ṣe é."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni mo lọ. Tíṣà tẹ̀ lé mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì rọ. Ọkùnrin náà jókòó sórí ìtì igi níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń pọ́n ayùn. Ó dàgbà jù mí lọ, ewú ti kún irùngbọ̀n rẹ̀. Mi ò mọ ìyẹn lọ́jọ́ tí mo lù ú. Àpá náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè etí, ó sì lọ títí dé ibi tí ojú rẹ̀ ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èérún pákó.

"Ẹ dárí jì mí, bàbá. Mo rò pé ẹ fẹ́ pa á ni."

Ó ń pọ́n ayùn rẹ̀ lọ. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ lédè wọn, ó gbé ọwọ́ sókè, Tíṣà sì dákẹ́.

"Kí lo fi lù mí?"

Mo ti mọ̀ pé yóò béèrè. Ẹ́ńjìnnì náà wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yọ ọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbé e lé orúnkún. Ó fi àtàńpàkò tẹ orí kọ̀ọ̀kan. Ó yí ibi tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ máa ń wà, ó sì yí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ṣì ń yí.

"Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ọdún mélòó?"

"Mẹ́rin."

Ó dìde, ó sì gbé e sókè lórí mi. Mo rí òjìji rẹ̀ lórí èérún pákó. Mo gbọ́ tí Tíṣà mí kanlẹ̀. Mi ò yẹ orí. Mo fẹ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀, Ọlọ́hun gbọ́, mo fẹ́ ẹ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí apá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ó gbé e lé orí ìtì igi. Ó wọlé, ó mú òòlù ńlá jáde.

Ojú kan kì í jẹ́ kí èèyàn mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ó tàsé lẹ́ẹ̀mejì, òòlù wọ inú igi, ó fà á yọ. Nígbà kẹta, ó bà á. Orí kìíní já, ó fò sínú koríko. Ó tún gbé òòlù sókè. Ó ń lu nǹkan náà, ó ń lù ú, ẹnu rẹ̀ là, itọ́ ń dà sí irùngbọ̀n rẹ̀, ohùn kan sì ń jáde lára rẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò dá a dúró. Orí kejì. Ìkẹta. Nígbà tó dé ìkẹrin, kíráńkì yọ síta, funfun, bí eegun. Mo ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìhà mi tó dá. Nígbà tí ìkarùn-ún lọ, kò mọ̀. Ó ń lu igi lásán. Lẹ́yìn náà òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú èérún pákó tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. A wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ojú wa kò ju ìwọ̀n apá kan lọ síra.

"Máa lọ," ló wí. "Má wá síbí mọ́."

Mo lọ. Mi ò padà síbẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún kan tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Mi ò tíì ṣe ẹ́ńjìnnì mìíràn. Mo ń ṣe nǹkan ẹ̀rọ ìlọta, nǹkan alùpùpù, ohun táwọn èèyàn bá gbé wá. Nígbà mìíràn, tí ọwọ́ mi bá gbé irin tó wúwo díẹ̀, mo máa ń rántí adùn yẹn, èyí tó wọ mí léegun, mo sì máa ń gbé irin náà kalẹ̀ kí n tó padà mú un.

Ní oṣù tó kọjá, Tíṣà wọlé wá. Ó yọ irin kan jáde nínú ìwé ìròyìn, ọ̀pá tó ń yí ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán pákó. Ó ti jẹ lápá kan.

"Kápẹ́ńtà ní kí n gbé e fún ọ̀rẹ́ mi ará Òṣogbo," ló wí.

"Kí ló tún sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe tuntun irú rẹ̀, iṣẹ́ tí kò yẹ kó ju wákàtí díẹ̀ lọ. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n. Tíṣà gbé e lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kejì.

"Ó ti wọlé," ló wí. "Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé ó sọ nǹkan?"

"Ó béèrè èyí tó ti jẹ. Ó ní tòun ni, pé kí ẹ dá a padà."

Ó wà lábẹ́ tábìlì mi. Mo wá a rí, mo fi epo nù ún, mo sì tún fi ìwé ìròyìn dì í.